Ọ̀rọ̀ Nípa Àtọ̀gbẹ, Ìrìn Rírìn àti Oògùn Inú Ìgò

  Ẹ ní kí a wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa àrùn àtọ̀gbẹ, pàápàá nípa àwọn oògùn inú ìgò tí wọ́n ń polówó nínú dánfó láti Mile 2 títí dé Ìyànà-Ìbà. Àwọn kan nínú yín ti rà á. Àwọn kan ti mu ún tán, wọ́n sì fẹ́ ra òmíràn. Ìbéèrè tí a ń gbọ́ jù lọ ni pé: "Bí mo bá ń mu èyí, ṣé mo lè fi oògùn dókítà sílẹ̀?"

Ìdáhùn wa ni pé rárá o. Ṣùgbọ́n rárá nìkan kò tó. Ẹ̀yin kì í ṣe ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Kí ni àtọ̀gbẹ? Gàrí, ìrẹsì, búrẹ́dì àti iṣu tí à ń jẹ, ṣúgà ni wọ́n ń dà nínú ara. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé ṣúgà náà kiri. Ohun kan wà tí à ń pè ní ínsúlínì. Ẹ̀yà ara kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn ikùn ni ó ń ṣe é. Iṣẹ́ ínsúlínì ni láti ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà, kí ó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kí ó wọ inú ẹran apá àti ẹran itan lọ, kí a lè rí agbára ṣiṣẹ́. Lára ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, ínsúlínì ṣì wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti há. Ó kàn, kàn, kàn, ilẹ̀kùn kò ṣí dáadáa. Ṣúgà wá ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀.

Oríṣi kìíní tún wà. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni ó sábà máa ń mú. Ìyẹn kò ní ínsúlínì rárá, abẹ́rẹ́ ni ó fi ń gbé ayé. A kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, àfi kí a sọ pé ẹni tí ó bá ní in kò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹni yòówù tí ó bá wá bá a sọ̀rọ̀ ewé tàbí àdúrà.

Nígbà kan, àwọn ènìyàn rò pé àrùn olówó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1997, ìjọba àpapọ̀ tẹ ìwé ìwádìí kan jáde tí Ọ̀jọ̀gbọ́n O. O. Akinkugbe ṣe olóòtú rẹ̀. Nínú ìwé náà, àgbàlagbà bíi 2 nínú 100 ní Nàìjíríà ni ó ní àtọ̀gbẹ. Ní ọdún 2018, àwọn dókítà kan kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé ó ti sún mọ́ 6 nínú 100. Ẹ ka ṣọ́ọ̀bù 100 ní ọjà Alábà, kí ẹ wo àwọn tí wọ́n jókòó níbẹ̀. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn.

Kí ló wá há ilẹ̀kùn? Ibí ni ọ̀rọ̀ wa wà gan-an.

Bí ẹ̀gún bá gún yín lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á wú, á sì máa ro yín. Kì í ṣe ẹ̀gún ló ń ṣe gbogbo ìyẹn. Àwọn ọmọ ogun ara ni wọ́n sáré dé láti jà. Bí wọ́n bá jà tán, wọ́n á padà sílé, ẹsẹ̀ á sì fọn. Èyí dára. Láìsí i, egbò kékeré á pa ènìyàn.

Ṣùgbọ́n irú ìjà kan wà tí kì í parí. Kì í ro ènìyàn, ẹ ò sì lè fi ojú rí i. A ó máa pè é ní iná abẹ́ eérú. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi igi dáná rí mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ ó rò pé iná ti kú, ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kàn án wò. Ọ̀rá tí ó pọ̀ nínú ikùn wà lára àwọn ohun tí ó ń dá iná yìí. Ọ̀rá kì í kàn jókòó bí ẹrù tí a kó sí yàrá. Ó ń ránṣẹ́ káàkiri ara. Ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, fi hàn lára àwọn ẹranko tí wọ́n sanra jù pé ọ̀rá wọn ń tú ohun kan jáde tí kò jẹ́ kí ínsúlínì ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, ìwádìí lóríṣiríṣi ti tẹ̀lé e. Iná abẹ́ eérú yìí wà lára ohun tí ó ń há ilẹ̀kùn. Òun náà ló ń ran ṣúgà lọ́wọ́ láti ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, láti ọkàn dé ojú, láti kíndìnrín dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá kí ẹni tí ó ní in tó mọ̀.

Nítorí náà, bí àwọn olóògùn inú dánfó bá sọ pé "ó ń pa iná inú ara," wọn kò parọ́ pé iná wà. Iná wà. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ó lè pa á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti èyí tí a kì í ra. Bí ẹ bá ń rìn, ẹran itan yín á máa fa ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, kò tilẹ̀ ní dúró de ínsúlínì. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ilẹ̀kùn iwájú há, ìrìn ṣí ti ẹ̀yìn. Kò tán síbẹ̀. Ní ìlú Copenhagen, ní orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmákì, obìnrin dókítà kan tí ń jẹ́ Bente Klarlund Pedersen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ẹran ara tí ó ń ṣiṣẹ́ náà ń ránṣẹ́, bí ọ̀rá ti ń ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí ọ̀rá ń rán ń dá iná. Iṣẹ́ tí ẹran itan ń rán nígbà ìrìn ń bu omi sí i. Bí ọ̀sẹ̀ bá sì ń gorí ọ̀sẹ̀, ọ̀rá inú ikùn náà á máa dínkù, igi ìdáná á máa tán.

Ṣé ó ti ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni rí? Ní ìlú Da Qing, ní ilẹ̀ Ṣáínà, láti ọdún 1986, wọ́n tẹ̀lé 577 ènìyàn fún ọdún mẹ́fà. Ṣúgà wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n kò tíì di àtọ̀gbẹ. Àwọn tí wọ́n tún oúnjẹ wọn ṣe, tí wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá, kò bọ́ sínú àtọ̀gbẹ tó àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ṣe tiwọn, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún 2002. Àwọn 3,234 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kan ń rìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, wọ́n sì dín ọ̀rá ara kù. Apá kejì ń lo metformin, oògùn dókítà. Apá kẹta ń lo oògùn òfìfo. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta, metformin dín iye àwọn tí àtọ̀gbẹ mú kù ní 31 nínú 100. Ìrìn àti oúnjẹ dín in kù ní 58 nínú 100. Bí ẹnìkan bá rí ìgò tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ariwo rẹ̀ ìbá ti gba gbogbo ọjà.

150 ìṣẹ́jú, mélòó ni? Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ ni, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Kì í ṣe ìrìn ẹni tí ó ń wo ọjà o. Ẹ rìn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi lè máa bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí mímí kò ní jẹ́ kí ẹ lè kọrin. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá pọ̀ jù, ẹ gé e sí mẹ́ta. Ní New Zealand, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 lára àwọn alátọ̀gbẹ 41. Àwọn tí wọ́n rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ṣúgà wọn lẹ́yìn oúnjẹ rẹlẹ̀ ju ìgbà tí wọ́n ń rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Oúnjẹ alẹ́ ni ó hàn sí jù. Ẹ̀bà alẹ́ tí a jẹ tán tí a sì sùn tì, òun ni kí a ṣọ́ra fún.

Ìyá kan lè sọ pé, "Láti àárọ̀ ni mo ti wà lórí ìdúró ní ìsọ̀ mi." A gbà fún un, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìdúró kì í ṣe ìrìn, jíjókòó ti ọjà kì í sì í ṣe iṣẹ́ fún ẹran itan. Kí ó bẹ aládùúgbò pé kí ó bá òun wo ọjà, kí ó rin yíká fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta rédíò àti fíríìjì, ẹ máa dìde ní ìdajì wákàtí dé ìdajì wákàtí. Ẹ dìde lórí àga kí ẹ tún jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan. Ó le ju bí ẹ ti rò lọ. Ijó náà wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òde àríyá nìkan ni ẹ ti ń jó, ẹ máa jó nílé. Ọ̀kadà tí à ń gùn láti títì dé ẹnu ọ̀nà ilé, tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, òun gan-an ló ń gba oògùn lọ́wọ́ wa, tí a tún ń sanwó fún un.

Àmọ́ o, ẹ má ṣe lọ máa rìn ní etí títì márosẹ̀ Àgbádárìgì láàárọ̀ kùtù. Ọkọ̀ akẹ́rù kò mọ alátọ̀gbẹ, ọ̀kadà tí ó ń gba ọ̀nà òdì kò sì ní iná. Àwọn òpópónà inú Ìbà Housing Estate dára, pápá ilé ẹ̀kọ́ dára, àdúgbò yín náà dára. Ẹ kó ara yín jọ ní mẹ́ta mẹ́rin. Ẹni tí ó bá dá nìkan rìn, ọjọ́ kẹta ni yóò wí pé òjò ń bọ̀.

Ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán rìn, ẹ má sì fi sílípáàsì. Ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ lè má mọ̀ pé ìṣó ti gún òun. Bí ẹ bá délé, ẹ fọ ẹsẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wo àárín ọmọ ìka àti àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ojú yín kò bá ríran tó, kí ọmọ bá yín wò ó. Egbò tí ẹ bá rí, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi omi gbígbóná jó o. Ẹni tí ó ń lo glibenclamide tàbí abẹ́rẹ́ ínsúlínì, kí ó ní kóró ṣúgà tàbí súìtì nínú àpò. Bí òógùn bá bò ó, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ojú ń ṣú, ṣúgà ti wálẹ̀ jù nìyẹn. Kí ó jókòó, kí ó lá a kíákíá. Bí àyà bá sì ń dun ènìyàn lórí ìrìn, kí ó dúró, kí ó lọ rí dókítà.

Ó wá ku ìgò.

A kò sọ pé ewé kò ní agbára. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ìtàn. Ewé kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní galega. Àwọn àgbà ibẹ̀ lò ó pẹ́. Láti inú ìmọ̀ tí a rí lára ewé yẹn ni a ti dé orí metformin, tí dókítà ará Faransé kan, Jean Sterne, kọ́kọ́ ròyìn lílò rẹ̀ fún àwọn alátọ̀gbẹ ní ọdún 1957. Ṣé ẹ rí i? Oògùn funfun tí ẹ fẹ́ dà nù nítorí ewé, ewé ni bàbá rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n mọ iye tí ó ń wò ó sàn, àti iye tí ó ń pa ènìyàn lára. Ìgò inú dánfó, ta ló wọ̀n ọ́n?

Ẹ jẹ́ kí a mú atalẹ̀ pupa, èyí tí ọbẹ̀ fi ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó wà nínú púpọ̀ nínú àwọn kápúsù àti àgúnmu tí wọ́n ń tà fún iná inú ara. Ní Tàìláǹdì, ní 2012, àwọn onímọ̀ fún àwọn ènìyàn tí àtọ̀gbẹ kò tíì mú ní ohun tí wọ́n fà yọ lára rẹ̀. Àwọn 240 ni wọ́n lò, fún oṣù mẹ́sàn-án. Nínú àwọn tí ó mu oògùn òfìfo, bíi 16 nínú 100 ni àtọ̀gbẹ mú. Nínú àwọn tí ó mu atalẹ̀ pupa, kò mú ẹnì kan. Ìròyìn rere ni, a kò ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan ni, àwọn tí wọ́n lò kò pọ̀, wọn kò sì tíì ní àtọ̀gbẹ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà ti ròyìn àwọn tí kápúsù atalẹ̀ pupa ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́. Èyí tí ẹ fi ń se ọbẹ̀, ẹ máa sè é lọ, kò sí wàhálà. Èyí tí wọ́n fún pọ̀ sínú kápúsù, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó gbé e mì.

Epo ẹja ńkọ́? Wọ́n dán an wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára 15,480 alátọ̀gbẹ fún ọdún tí ó lé ní méje. Ìdajì gba epo ẹja, ìdajì gba epo ólífì tí wọ́n fi sínú irú kápúsù kan náà. Ní 2018, èsì jáde: àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín wọn. Fítámì D náà, wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà lára 2,423 ènìyàn láti fi dènà àtọ̀gbẹ. Ní 2019, èsì rẹ̀ kò tó ohun tí a lè gbára lé. Ọ̀sà wà lẹ́bàá wa ní Ọ̀jọ́ níbí. Ẹ jẹ ẹja fúnra rẹ̀. Ṣawa àti Títọ̀sì tí ẹ fi se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ti gba ipò ẹran ọlọ́ràá nínú àwo, èyí tí kápúsù kò lè ṣe.

Àfikún oúnjẹ kan wà tí àwọn kan nínú yín nílò ní tòótọ́. Ẹni tí ó ti ń lo metformin fún ọ̀pọ̀ ọdún, fítámì B12 lè dínkù lára rẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kú tipiri bí ìgbà tí èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ̀. Dókítà á sì sọ iye tí ẹ ó lò. Ẹ béèrè, ẹ má dúró kí wọ́n tó rántí.

Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù jù lọ nípa ìgò ni ohun tí a kò kọ sí i lára. Ní Singapore, láàárín oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún ọdún 2008, 150 ènìyàn tí wọn kò ní àtọ̀gbẹ dé ọsibítù nítorí pé ṣúgà wọn wálẹ̀ jù. A rí glibenclamide nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ ọ̀pọ̀ wọn. Inú ayédèrú oògùn ọkùnrin àti oògùn ewé ni ẹnìkan ti dà á sí láìsọ fún wọn. Ènìyàn 4 kú. Nítorí náà, bí ìgò kan bá mú ṣúgà yín wálẹ̀ wàrà wàrà ní ọjọ́ méjì, ẹ má tíì dúpẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ti mọ ìwé kà báyìí. Ẹ yí ìgò náà padà. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wá ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Bí ìkankan kò bá sí, ẹ dá a padà fún un. Bí méjèèjì bá wà, ẹ tún wá ọ̀rọ̀ wínníwínní kan tí ó máa ń wà ní ìsàlẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì lára oògùn ewé. Kí ọmọ yín tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé àjọ NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olóògùn ń sọ wò. Olóògùn fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ nínú dánfó kò kà á fún yín.

Ní ti oúnjẹ, a kò ní pẹ́. Ẹ má ṣe pa ẹ̀bà tì. Ẹ dín òkèlè kù, ẹ sọ ẹ̀fọ́ di púpọ̀. Ẹ̀wà dára ju ìrẹsì funfun lọ. Ewúro dára nínú ọbẹ̀. Mínírà àti mọ́ọ́tì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá. Mọ́ọ́tì kì í fún ni lẹ́jẹ̀, ṣúgà ló ń fún ni. Sìgá náà ń koná mọ́ iná abẹ́ eérú.

Kí ẹ tó lọ, ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ yín jáde. Ẹ fa ìlà sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní àkọ́kọ́, ẹ kọ ọjọ́. Ní èkejì, ẹ kọ ṣúgà òwúrọ̀, kí ẹ tó jẹun. Ní ẹ̀kẹta, ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ẹ rìn. Nípa ṣúgà, ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: ẹ̀rọ àyẹ̀wò oríṣi méjì ló wà. Èyí tí ó sọ pé 126 àti èyí tí ó sọ pé 7, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ sọ 7, kí ó má fi ẹni tí tirẹ̀ sọ 126 ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí a kò tíì sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ, tí ó bá rí 126 tàbí 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹun, kí ó lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì ní ọsibítù. Bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Bí ẹ bá ń mu ìgò kankan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà, kí ẹ má tijú. Kí dókítà rí i pẹ̀lú nọ́ńbà yín, kí ó tó kọ oògùn mìíràn lé e. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní bírò, ó wà lórí tábìlì níwájú níbí.